Ẹ̀rọ Mẹ́fà Tí Kò Fèsì

Ènìyàn mẹ́rin ni omi gbé lọ ní àdúgbò etí odò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Obìnrin kan ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa tọ́jú ogójì kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣírò bí omi ṣe máa kún. Wọ́n ní ó fi ìbínú yọ okùn iná mẹ́fà nínú wọn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní ohun tó sọ àbájáde di irọ́ nìyẹn, tí rédíò fi sọ fún àwọn ará etí odò pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí wọ́n jókòó sílé. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni wọ́n máa gbé e dé ilé ẹjọ́, bí ọ̀rọ̀ bá sì lọ bí wọ́n ṣe tò ó, ẹ̀wọ̀n gbére ló ń lọ.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn náà kó lè di ti ilé ẹjọ́ kì í ṣe ẹni tó máa ń tètè fọwọ́ síwèé. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, àti nítorí pé bó bá ti gún ọ̀rọ̀ kan, àfi kó yọ sí òdìkejì. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, kì í sì í tọrọ ojú rere lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ka fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni, kò sì síbi kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹnikẹ́ni ti bi obìnrin náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wí, sájẹ́ǹtì kọ, ó parí.

Abẹ́rẹ́ bi sájẹ́ǹtì léèrè bóyá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa wádìí ọ̀ràn nìyẹn. Sájẹ́ǹtì ní ọ̀gá àgbà yẹn kì í ṣe ẹni kékeré, àti pé àwọn òkè fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán kó tó di òpin ọ̀sẹ̀. Inú bí Abẹ́rẹ́. Ó ká fáìlì sábẹ́ apá, ó jáde.

Lórí bẹ́ǹṣì tó wà níta yàrá ìbéèrè, obìnrin àgbàlagbà kan jókòó, ó gbé ọ̀rá aṣọ lé itan. Ẹ̀gbọ́n ẹni tí wọ́n mú ni. Aṣọ inú ọ̀rá náà kì í ṣe tirẹ̀, ó yá a ni, nítorí pé ilé rẹ̀ gan-an wà lára àwọn tí omi gbá lọ. Ó ní láti ìgbà tí ìyá àwọn ti kú, òun lòun tọ́ àbúrò òun dàgbà. Ó ní ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò òun pè òun lórí fóònù, ó ní òun ti fojú ara òun rí àbájáde, pé àdúgbò wọn gbẹ táútáú, kí òun má wulẹ̀ yọ ara òun lẹ́nu ẹrù kíkó. Òun sì gbọ́. Orí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò ni wọ́n ti wá gbé òun sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ bá mi rò ó, ọ̀gá," ni ẹ̀gbọ́n náà wí. "Ẹni tó mọ̀ pé òun ti ba iṣẹ́ jẹ́, ṣé èmi tó tọ́ ọ dàgbà ló máa ní kí n jókòó dúró de omi?"

Abẹ́rẹ́ ní òun máa rò ó. Ó ti ń rò ó.

Ó wọ yàrá ìbéèrè lọ bá obìnrin tí wọ́n mú. Ìyá Ẹ̀rọ ni àwọn ará ibi iṣẹ́ máa ń pè é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ojú rẹ̀ ti wú, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sì ń ṣe gbàlágbàlá lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún òun bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé, ìyẹn sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò bá pọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ìsédò tó dá omi odò dúró, àwọn á kọ́kọ́ ṣe irú odò náà àti irú ìlú náà sínú kọ̀ǹpútà, àwọn á da omi lé e lórí níbẹ̀, kí àwọn lè mọ ibi tó máa dé kó tó dé e lóòótọ́. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ kan lè dá ṣe. Wọ́n á gé ìlú sí ọ̀nà ogójì, olórí ẹ̀rọ á pín in fún ogójì ẹ̀rọ òṣìṣẹ́, kálukú á ṣírò tirẹ̀, á dá èsì padà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa wo àwọn òṣìṣẹ́ yìí, èwo ló ń gbóná jù, èwo ló ń falẹ̀, èwo ló fẹ́ ṣàìsàn.

"Bí ọ̀kan bá fẹ́ ṣàìsàn ńkọ́? Ṣé o máa ń yọ okùn iná rẹ̀?"

"Rárá o, mà. Màá sọ fún olórí ẹ̀rọ pé kó má fún un níṣẹ́ tuntun mọ́. Màá dúró kó parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi jíṣẹ́, kí n tó wá pa á. Láti ọdún mọ́kànlá, mi ò já okùn lára ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ rí."

Ṣùgbọ́n ìjà wà nílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti jẹ́rìí pé òun gbọ́ tó ń jágbe mọ́ ọ̀gá àgbà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Ẹ̀rọ ò sẹ́. Ó ní ní agogo mẹ́wàá kọjá, ẹ̀rọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti dá èsì padà, ó ku mẹ́fà. Ọ̀gá àgbà ti ṣèlérí fún àwọn aláṣẹ pé àbájáde á wà lórí rédíò ní agogo mọ́kànlá géérégé, ó wá ní kí òun yọ àwọn mẹ́fà náà kúrò. Òun ní kó dúró, òun sì sọ ọ́ tìjà tìjà. Ọ̀gá àgbà wá gbà, ó ní ó dáa, àwọn á dúró. Òun tí òun ti wà lórí ìdúró láti agogo mẹ́rin ìdájí wá lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ ní yàrá kejì. Nígbà tí òun jí, àbájáde ti jáde, ó pé pérépéré, àwọn mẹ́fà náà sì kọ gbígbẹ. Òun rò pé wọ́n ti parí ni, òun ò tiẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ìwé.

Àwọn mẹ́fà wo gan-an ni wọ́n ní òun yọ, ó bi Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wo fáìlì, ó ní wọ́n bá nọ́ńbà mọ́kànlá títí dé mẹ́rìndínlógún ní kíkú. Ìyá Ẹ̀rọ gbójú sókè. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ nọ́ńbà kankan fún òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú òun.

"Ìwé àbájáde wà níbẹ̀, mà. Ó máa ń kọ nọ́ńbà àwọn tí kò fèsì sí ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Ìwé àbájáde kò sí nínú fáìlì. Odindi ènìyàn mẹ́rin kú nítorí ìwé kan, wọ́n fẹ́ sọ ènìyàn kan sẹ́wọ̀n nítorí ìwé kan náà, kò sì sẹ́ni tó rántí láti mú ìwé ọ̀hún dání. Abẹ́rẹ́ pe sájẹ́ǹtì, ó ní kó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Agogo kan kù díẹ̀ ni wọ́n dé ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Abẹ́rẹ́ bi í pé ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ìṣó kan lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ náà sì ń mì lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé ló ń mú un. Sájẹ́ǹtì tó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin náà nìkan ló ń wọ yàrá yẹn wá ń wo bàtà ara rẹ̀.

Yàrá náà tutù, ariwo ẹ̀rọ sì kún un. Àpótí irin tò lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjì, ẹ̀rọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iná kékeré aláwọ̀ ewé ń tàn lójú wọn. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí iwájú wọn, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ògiri. Súwẹ́tà obìnrin kan ṣì wà lẹ́yìn àga. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọlọ́pàá ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan, èyí nìkan sì ni ohun tí wọ́n ṣe dáadáa nínú ọ̀ràn náà. Mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún: mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kú, okùn iná wọn wà nílẹ̀.

Yàrá òkè ni wọ́n ti rí ìwé àbájáde gbà, lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin onígíláàsì tó kọ ètò ìṣirò náà, tí wọ́n ń pè ní Dókítà Odò. Abẹ́rẹ́ ka ìsàlẹ̀ ìwé, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò fèsì: mọ́kànlá títí dé mẹ́rìndínlógún.

"Ó bára mu," ni sájẹ́ǹtì wí, kò sì lè fi ìdùnnú rẹ̀ pamọ́. "Àwọn tí ìwé ní wọn ò fèsì náà la bá ní kíkú. Mo wí bẹ́ẹ̀, màdáámù."

Ó bára mu lóòótọ́. Abẹ́rẹ́ jókòó sórí àga, ó ń wo ìwé náà láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún nínú ẹja. Ó korò lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gba ọ̀rọ̀ obìnrin náà gbọ́, ó ti gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, bébà kan ṣoṣo sì ti fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ka nọ́ńbà àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan dé èyí tó kẹ́yìn. Ó dìde, ó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀rọ, ó rìn lọ tààrà síbi àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wo nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí Dókítà Odò bá òun wá.

"Àpótí tó kẹ́yìn níbí, ogójì ló wà lára rẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Òṣìṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ, mọ́kàndínlógójì ni. Ọ̀kan dà?"

Dókítà Odò ní kò sí èyí tó sọnù. Ó ní òfo ni kọ̀ǹpútà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, kì í ṣe ení. Òṣìṣẹ́ tí ìwé ń pè ní òfo ni àpótí kìíní, òṣìṣẹ́ kìíní ni àpótí kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń rò ó mọ́. Ó ń sọ ọ́ lọ báyìí, ojú rẹ̀ bọ́ sórí àwọn okùn iná tó wà nílẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí wọn nìyẹn, nítorí pé ọ̀gá àgbà ti ní kí àwọn ará òkè má sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka àwọn àpótí láti ẹnu ọ̀nà.

Abẹ́rẹ́ ti rìn dé iwájú àpótí mẹ́tàdínlógún. Iná rẹ̀ ń tàn, ara rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún nínú ìwé rẹ, àpótí yìí ni, àbí? Ìwé ní kò fèsì. Wọ́n ní nítorí pé wọ́n já okùn rẹ̀ ni. Okùn rẹ̀ rèé o, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Àpótí mọ́kànlá tó kú yẹn ńkọ́, òṣìṣẹ́ mẹ́wàá nìyẹn. Ṣé ó fèsì?"

Dókítà Odò ní ó fèsì, ní agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Òkú tó jíṣẹ́," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ó yíjú sí sájẹ́ǹtì. "Wọn ò yọ àwọn okùn yìí nígbà iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ìwé ti jáde ni ẹnì kan kà á, tó wá síbí, tó wo nọ́ńbà ara àpótí, tó ń já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè bá ìwé mu. Ìyá Ẹ̀rọ kọ́ ló máa ṣi irú kíkà bẹ́ẹ̀ kà, ó ti bá wọn gbé fún ọdún mọ́kànlá. Ọmọkùnrin yìí kọ́, òun ló kọ ètò náà. Bàbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò fojú kan ìwé náà rí. Ẹni tó ń ka ìwé ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí níbí ni."

Dókítà Odò ti jókòó sórí àga, ó ti yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nu ojú. Abẹ́rẹ́ ò fún un láǹfààní láti sinmi. Ó ní okùn iná kọ́ ló pa èsì àwọn ẹ̀rọ mẹ́fà náà mọ́ wọn lẹ́nu, kí ló wá pa á. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin náà ti tú àṣírí náà. Agogo mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀gá àgbà gun òkè wá bá a, ó ní Ìyá Ẹ̀rọ ń ṣagídí. Ó ní kó kọ ọ́ sínú ètò náà pé ẹ̀rọ tó bá dákẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí olórí ẹ̀rọ má dúró dè é mọ́, kó kà á sí pé kò rí omi. Òun sì kọ ọ́.

"Kí ló sì fà á tí wọ́n fi pẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Dókítà Odò ní ibi tí ilẹ̀ bá gbẹ, kò sí ohun púpọ̀ tí ẹ̀rọ máa ṣírò níbẹ̀, kíá ló ń parí. Ibi tí omi bá pọ̀ sí ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí.

Abẹ́rẹ́ tún wo nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Ohun tó ń gbọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ mẹ́fà tó dákẹ́, omi tí wọ́n rí ló pọ̀ jù fún wọn. Níbi tí omi ti fẹ́ dé òrùlé gan-an ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ti kọ gbígbẹ. Ó bi ọ̀dọ́kùnrin náà bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ọ̀gá ló ní kí òun ṣe é. Abẹ́rẹ́ wò ó títí, ó ní kó gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀, òun ò tíì bá a sọ tiẹ̀.

Ó padà sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ṣọ́, ó bi í ta ló wọ yàrá ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá ní gbogbo òṣìṣẹ́ ló wà nídìí rédíò nísàlẹ̀ nígbà tí ìròyìn àwọn tó kú dé, ọ̀gá àgbà nìkan ló mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. Abẹ́rẹ́ ní kí ló dé tí kò sọ èyí fún ọlọ́pàá.

"Bóyá ó jágbe ni wọ́n bi mí, màdáámù," ni bàbá wí. "Ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn."

Sájẹ́ǹtì ni Abẹ́rẹ́ rán lọ mú Ìyá Ẹ̀rọ wá láti àgọ́. Agogo méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n tó dé, pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ní àkókò kan náà ni ọ̀gá àgbà wọlé, ó gbé fóònù méjì dání, ó fẹ́ mọ ẹni tó ní kí ọ̀daràn padà síbi tó ti ṣọṣẹ́. Ọkùnrin tó sanra ni, aṣọ rẹ̀ gún. Abẹ́rẹ́ to gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òfo dé orí àpótí mẹ́tàdínlógún. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kíkà lásán ni, ẹnikẹ́ni lè ṣì í. Nígbà tó rí i pé Dókítà Odò wà níbẹ̀ tó sì tẹrí ba, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní àwọn aláṣẹ ń dúró, rédíò ń dúró, gbogbo ìlú ń dúró. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ pé bí òun bá dúró de àwọn mẹ́fà yẹn, ohun tí wọ́n máa sọ á yàtọ̀.

"A lè béèrè lọ́wọ́ wọn," ni Ìyá Ẹ̀rọ wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó ní olórí ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ibi tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá iṣẹ́ dé. Iṣẹ́ àwọn mẹ́fà náà ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe dá dúró. Òun lè gbé e fún ẹ̀rọ mẹ́fà mìíràn tí ara wọn le, kí wọ́n parí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mú kọ́kọ́rọ́, ó tú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ fi súwẹ́tà rẹ̀ bọrùn, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà.

Abẹ́rẹ́ fa àga kan síwájú olórí ẹ̀rọ, ó ní kí ọ̀gá àgbà jókòó. Ọ̀gá àgbà ní òun ní ìpàdé. Abẹ́rẹ́ gba fóònù méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé wọn lé orí àpótí kan, ó ní kó jókòó. Ó jókòó. Gbogbo wọn ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀ nínú yàrá tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wo aago ọwọ́ rẹ̀, Abẹ́rẹ́ sì rí gbogbo rẹ̀.

Èsì kìíní wọlé, lẹ́yìn náà ni ìkejì, títí tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi pé. Ìyá Ẹ̀rọ kà wọ́n sókè. Omi dé èjìká ènìyàn ní ti àkọ́kọ́. Ó dé òkè fèrèsé ní mẹ́ta. Nígbà tó kan àdúgbò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohùn rẹ̀ já, sájẹ́ǹtì ló gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tó kà á parí. Omi bo òrùlé ilé tí kò ní òkè. Kò síbi kankan tó gbẹ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà wọ́n?" ni Abẹ́rẹ́ bi ọ̀gá àgbà.

Ọ̀gá àgbà tún wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ogójì ìṣẹ́jú," ni ọ̀gá àgbà wí.

"Agogo méjìlá ni wọ́n ṣí ìsédò, agogo méjì lomi dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ bá dúró, kí rédíò tó parí ìròyìn wọn á ti máa kẹ́rù jáde. Ogójì ìṣẹ́jú. Ènìyàn mẹ́rin ló kú, ọ̀gá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ ta wọ́n."

Abẹ́rẹ́ na ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí sájẹ́ǹtì, ó ní kó ṣe é fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé sájẹ́ǹtì náà ló kọ́kọ́ fi í sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí. Ó ní kí Dókítà Odò máa bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ní agogo mẹ́rin, nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró níwájú ilé ẹjọ́ tí àwọn oníròyìn sáré gbé kámẹ́rà sókè láti ya obìnrin kan, ọ̀gá àgbà ló sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Ẹ̀rọ ò bá wọn lọ. Ó ti gba ìwé èsì tuntun náà padà lọ́wọ́ sájẹ́ǹtì, ó sì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí. Kò mọ̀ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí mo kà fún yín lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́. Òótọ́ rèé."